Ìgò Àtijọ́ àti Ẹ̀rí Rẹ̀

Ní Alakahia, létí ìlú Port Harcourt ní Ìpínlẹ̀ Rivers, àti ní Choba àti Aluu tí ó múlé gbè é, àwọn ará Ikwerre mọ adùn ògùrọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìwà ògùrọ̀ kò sì yàtọ̀ níbikíbi tí a bá ti ń dá a. Òwúrọ̀ ni ó ń dùn. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì mọ́ bá a, ó ti kan. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ ra ẹmu kò nílò ẹlẹ́rìí kankan. Ó rí ẹlẹ́mu, ó rí akèrègbè, ó bu díẹ̀ tọ́ wò, ó sì san owó rẹ̀. Ahọ́n ni adájọ́.

Ọ̀tọ̀ ni ti wáìnì pupa ilẹ̀ Faransé tí ó ti gbó. Ìgò kan lè ti wà ní dídé fún ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹni tí yóò rà á tó rí i. Olùrà kò sì lè tọ́ ọ wò, nítorí pé bí a bá ti yọ èdídí ẹnu ìgò náà, iye owó tí ó wà lórí rẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Kí ni olúwarẹ̀ wá rà? Ẹ̀rí ni ó rà: ọ̀rọ̀ ẹnu àti àkọsílẹ̀ àwọn tí ìgò náà ti gba ọwọ́ wọn kọjá. Ní kúkúrú, ìtàn ni ó rà. Bí ìtàn náà bá jẹ́ òtítọ́, ó ra ohun iyebíye. Bí ó bá jẹ́ irọ́, omi èso àjàrà lásán ni ó fi owó tí ó tó kọ́ ilé rà.

Àpótí Jíìnì ní Ẹnu Odò Ọya

Irú òwò báyìí kò ṣàjèjì pátápátá sí àwọn ará ẹnu odò Ọya. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí a tó tẹ Port Harcourt dó ní ọdún 1912 sí 1913, àwọn ará Bonny, Opobo àti àwọn ìlú Kalabari ti ń ta epo pupa fún àwọn òyìnbó oníṣòwò. Lára ọjà tí àwọn òyìnbó ń kó wá ni jíìnì láti Rotterdam ní ilẹ̀ Họ́láǹdì àti láti Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì. Nígbà tí ó yá, jíìnì kì í ṣe ohun mímu nìkan mọ́. Ó di owó. A ń fi san ìtanràn, a ń fi san owó orí ìyàwó, a sì ń fi ra ọjà. Ìjòyè tí ó lọ́rọ̀ a máa to àpótí jíìnì jọ sí ilé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sí àká. Ọ̀rọ̀ òwò ọtí yìí gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi yan ìgbìmọ̀ kan ní ọdún 1909 láti wádìí rẹ̀ ní Gúúsù Nàìjíríà. Ní ọdún 1919 ni àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Saint-Germain, ní ilẹ̀ Faransé, pé kí irú ọtí olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ má ṣe wọ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́.

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ṣàkíyèsí ni pé ẹni tí ó ń fi àpótí jíìnì ná ọjà kì í ṣí i. Àpótí tí a bá ṣí ti kúrò ní owó, ó ti di ohun mímu. Ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ní dídé, ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó sì ń gbé e kiri. Bí ẹnìkan bá ti ṣí i lọ́nà tí ó bu omi sí i, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ àfi ẹni tí ó bá mu ún gbẹ̀yìn. Bí ọ̀rọ̀ wáìnì àtijọ́ ṣe rí gan-an nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tirẹ̀ pọ̀ ju ti jíìnì lọ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Bí Wáìnì Ṣe Ń Gbó

Kì í ṣe gbogbo wáìnì ni ó ń dára sí i bí ó bá pẹ́. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wáìnì àgbáyé ni a ṣe láti mu láàrin ọdún díẹ̀. Àwọn wáìnì pupa kan láti agbègbè Bordeaux àti Burgundy ní ilẹ̀ Faransé ni ó lókìkí jù pé wọ́n lè pẹ́. Nígbà tí a bá ń pọn wáìnì pupa, a kì í yọ èèpo àti kóró èso àjàrà kúrò nínú omi rẹ̀ kíákíá. Láti ara wọn ni èròjà kan ti ń jáde tí ó ń fa ẹnu, gẹ́gẹ́ bí obì ṣe ń fa ẹnu ẹni tí ó bá jẹ ẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èròjà yìí ń rọ̀, ó ń rì sí ìsàlẹ̀ ìgò bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, òórùn àti adùn ọtí náà sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí kò lè ṣẹlẹ̀ bí ibi ìpamọ́ kò bá dára. Ìdí nìyí tí àwọn Faransé fi ń gbẹ́ yàrá sí abẹ́ ilé, èyí tí a lè pè ní àjà ilẹ̀. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó tutù níwọ̀n, ọ̀rinrin sì wà níbẹ̀. Ìwọ̀n ooru bíi 12 sí 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó bá a mu. A ń dá ìgò dùbúlẹ̀ kí ọtí lè máa rin èdídí rẹ̀. Èdídí tí ó bá gbẹ yóò sún kì, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, ọtí yóò sì di ọtí kíkan. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀sán Port Harcourt ṣe ń móoru yóò rí i pé ìgò tí ó lo ọdún kan lórí pẹpẹ ilé ìtajà níbẹ̀ kò lè rí bákan náà pẹ̀lú ìgò tí ó lo ọdún kan náà nínú àjà ilẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn tí ó gbọ́n nínú òwò yìí ń béèrè ni pé, “Níbo ni ó ti sùn?” Orúkọ ọgbà àjàrà nìkan kò tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ọgbà mẹ́rin tí a fi sí ipò kìíní nínú wáìnì pupa Bordeaux ní ọdún 1855, èyíinì ni Lafite, Latour, Margaux àti Haut-Brion, tàbí Mouton tí a fi kún wọn ní ọdún 1973.

Ìgò tí A Tà ní Ọdún 1985

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1985, ilé gbàǹjo Christie's ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìgò kan síta fún títà. Orúkọ Lafite àti ọdún 1787 ni a fín sí ara rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà “Th.J.” ní ìsàlẹ̀. A ní Thomas Jefferson ni lẹ́tà náà dúró fún, ẹni tí ó jẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní Paris láti ọdún 1785 sí 1789, tí ó sì di Ààrẹ kẹta orílẹ̀-èdè náà lẹ́yìn náà. Jefferson fẹ́ràn wáìnì púpọ̀. Ó tilẹ̀ ṣe àbẹ̀wò sí Bordeaux fúnra rẹ̀ ní ọdún 1787. Ìdílé Forbes, àwọn tí ó ni ìwé ìròyìn Forbes ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ni ó ra ìgò náà ní 105,000 pọ́n-ùn. Kò tíì sí ìgò wáìnì kan tí a ta ní iye bẹ́ẹ̀ rí.

Ta ni ó ni ìgò náà tẹ́lẹ̀? Ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Hardy Rodenstock ni, akójọ-wáìnì tí àwọn ọlọ́rọ̀ mọ̀ dáadáa. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn kan wó ògiri nínú ilé àtijọ́ kan ní Paris, wọ́n sì bá àjà ilẹ̀ tí a ti mọ ògiri dí pa. Inú rẹ̀ ni ó ní a ti rí àwọn ìgò Jefferson. Ṣùgbọ́n kò sọ ilé wo ni, kò sọ ẹni tí ó tà á fún òun, kò sì sọ iye ìgò tí ó wà níbẹ̀. Ilé gbàǹjo náà pe àwọn onímọ̀ láti wo ìgò àti bí a ṣe fín in. Wọ́n ní ó bá àsìkò Jefferson mu. Ìyẹn sì tó àwọn olùrà.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó kọminú. Ní ọdún 1985 yẹn kan náà, olùṣèwádìí kan ní Monticello, ilé Jefferson tí ó ti di ibi ìpamọ́ ohun àtijọ́ ní Virginia, ti yẹ àkọsílẹ̀ wò. Jefferson jẹ́ ẹni tí kò jẹ́ kí owó kan jáde láìkọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ìwé ìṣirò owó rẹ̀ wà títí di òní, ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀ wà, ìwé tí ó kọ sí àwọn oníwáìnì sì wà. Nínú gbogbo wọn, kò sí ibi kan tí ó ti mẹ́nu kan àwọn ìgò yìí. Síwájú sí i, nígbà tí Jefferson bá ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú nínú lẹ́tà, àmì oníkókó méjì ni ó ń fi sí ẹ̀yìn “Th”, kì í ṣe ẹyọ kan bíi ti ara ìgò. Olùṣèwádìí náà kò sọ pé irọ́ ni; ohun tí ó sọ ni pé kò sí ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ yìí kò wọ etí ọjà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, “Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké.”

Ìyà tí ó jẹ àwọn ìgò náà lẹ́yìn náà kò kéré. Ìdílé Forbes gbé tiwọn sí ibi àfihàn lábẹ́ iná. Ooru iná náà mú èdídí rẹ̀ gbẹ, ó sì já bọ́ sínú ọtí. Ní ọdún 1989, oníṣòwò wáìnì kan ní New York gbé ìgò mìíràn, Margaux ọdún 1787, lọ sí ibi àsè. Ó ti ń pè é ní iye tí ó ju 500,000 dọ́là lọ. Níbẹ̀ ni ó ti fi gbá nǹkan, ìgò lu, ọtí sì ṣàn dànù. Ilé iṣẹ́ adójútòfò san 225,000 dọ́là. Báyìí ni a ṣe san owó lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ogún Ọdún Lẹ́yìn Náà

Ní ọdún 1988, William Koch, ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó ń kó ohun àtijọ́ jọ, ti ra mẹ́rin nínú àwọn ìgò Jefferson ní nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù dọ́là. Ó kó wọn sí àjà ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n yangàn. Ní ọdún 2005, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Boston fẹ́ pàtẹ àwọn ohun ìní rẹ̀. Wọ́n béèrè ìwé tí ó fi hàn ibi tí ìgò náà ti wá. Àwọn òṣìṣẹ́ Koch kọ̀wé sí Monticello, ìdáhùn kan náà tí ó ti wà láti ọdún 1985 ni wọ́n sì gbà: kò sí ẹ̀rí pé Jefferson ni ó ni wọ́n. Òwe Yorùbá sọ pé bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Láti ọdún 1985 sí 2005, ogún ọdún gééré ni.

Koch gba ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó ti ṣiṣẹ́ rí fún ìjọba Amẹ́ríkà, owó tí ó sì ná lórí ìwádìí ju owó tí ó fi ra ìgò lọ. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbójú lé. Onímọ̀ kan ní Bordeaux mọ bí a ṣe ń wá èròjà caesium-137 nínú wáìnì láìṣí ìgò. Bọ́ǹbù átọ́míìkì ni ó tú èròjà yìí sínú afẹ́fẹ́ láti ọdún 1945, nítorí náà wáìnì tí ó bá ní in kò lè jẹ́ ti ayé Jefferson. Wọn kò rí i nínú ìgò Koch. Ohun tí èyí fi hàn kò ju pé ọtí náà ti wà ṣáájú àwọn bọ́ǹbù náà. Kò sọ bóyá ọdún 1787 ni tàbí ọdún 1930. Nígbà náà ni wọ́n yí ojú sí lẹ́tà ara ìgò. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ fífín dígí yẹ ẹ́ wò, wọ́n sì sọ pé irin tí ń fi agbára iná mànàmáná yí ni a fi fín in. Kò sì sí irú irin bẹ́ẹ̀ ní ayé Jefferson.

Koch pe Rodenstock ní ẹjọ́ ní New York ní ọdún 2006. Rodenstock kọ̀ láti wá jẹ́jọ́. Ó ní ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà kò ní àṣẹ lórí òun. Ó kú ní ọdún 2018 láìgbà pé òun ṣe ẹ̀tàn, kò sì dárúkọ ilé Paris yẹn títí ó fi kú.

Ẹni tí Ó Ṣe Tirẹ̀ ní Ilé Ìdáná

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ Jefferson ti kọ́ ọjà lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Láàrin ọdún 2003 sí 2008, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ Indonéṣíà, Rudy Kurniawan, di gbajúmọ̀ nínú ọjà wáìnì Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2006 nìkan, gbàǹjo méjì tí a ṣe ní New York láti inú àkójọ rẹ̀ mú iye tí ó ju 35 mílíọ̀nù dọ́là wọlé. Àjà ilẹ̀ tirẹ̀ ni a sọ pé ọjà náà ti wá. Kò sì sí ẹni tí ó béèrè bí ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ṣe rí wáìnì tí àwọn àgbà kò rí.

Ẹni tí ó tú àṣírí rẹ̀ kì í ṣe ọlọ́pàá. Laurent Ponsot ni, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ń ṣe wáìnì ní Burgundy. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2008 ó gbọ́ pé a fẹ́ ta wáìnì Clos Saint-Denis ti ìdílé òun, èyí tí ọdún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1945. Ó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí New York láti rí i pé a yọ wọ́n kúrò nínú ọjà. Ìdí rẹ̀ rọrùn: ọdún 1982 ni ìdílé Ponsot ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wáìnì náà. Báwo ni ọmọ yóò ṣe ju ìyá rẹ̀ lọ ní ọjọ́ orí?

Nígbà tí àwọn agbófinró wọ ilé Kurniawan ní California ní oṣù Kẹta ọdún 2012, wọ́n bá ìgò òfìfo, èdídí, òǹtẹ̀ àti ìwé àlẹ̀mọ́ ara ìgò lọ́pọ̀lọpọ̀. Wáìnì tí kò wọ́n ni ó ń pò mọ́ra wọn, tí ó sì ń rọ sínú ìgò àtijọ́. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní ọdún 2014. Ní ọdún 2021 ni wọ́n dá a padà sí ilẹ̀ rẹ̀.

Ìgò tí Gbogbo Ènìyàn Mọ Ilé Rẹ̀

Ẹ má ṣe rò pé kò sí òtítọ́ nínú òwò náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ilé gbàǹjo Sotheby's ní New York ta ìgò kan ti Romanée-Conti, wáìnì pupa Burgundy ti ọdún 1945, ní 558,000 dọ́là. Wọ́n ti rò pé kò ní ju nǹkan bí 32,000 lọ. Ní ọdún 1945 náà, nǹkan bí 600 ìgò péré ni ọgbà náà ṣe, lẹ́yìn èyí ni a sì hú àwọn igi àjàrà àtijọ́ náà. Ṣùgbọ́n àìpọ̀ nìkan kọ́ ni ó gbé owó rẹ̀ ga. Inú àjà ilẹ̀ Robert Drouhin, àgbà oníwáìnì ní Burgundy, ni ìgò náà ti wá. Ìdílé Drouhin ni ó ń bá ọgbà Romanée-Conti pín ọjà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti 1928 títí di ọdún 1964. Ìgò náà jáde láti ọgbà, ó wọ ilé Drouhin. Ó jáde láti ilé Drouhin, ó wọ gbàǹjo. Kò sí àlàfo láàrin. Ẹ̀rí tí ó gún régé ni àwọn ènìyàn san owó lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú wáìnì bẹ́ẹ̀ kọ́gbọ́n. Kí ó béèrè ìwé owó tí a fi rà á ní àkọ́kọ́. Kí ó wo ibi tí ọtí gùn dé ní ọrùn ìgò, nítorí ìgò tí ó ti fà jù kò sùn ní ibi rere. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ọgbà tí ó ṣe é bóyá wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní ọdún náà. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ó sá fún ẹni tí kò lè dárúkọ ilé tí ó ti kó ọjà jáde.

Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan ni èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọdún 2015, ní agbègbè Ìrèlè ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, àti lẹ́yìn náà ní Ìpínlẹ̀ Rivers fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn mu ògógóró tí methanol, ọtí olóró tí kì í ṣe mímu, ti wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kú, àwọn mìíràn fọ́jú. Ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ògógóró ní ọdún náà. Àwọn tí ó mu ún kò mọ ọwọ́ tí ó ti gbà kọjá. Owó ni ọlọ́rọ̀ pàdánù nígbà tí ẹ̀rí kò sí. Ẹ̀mí ni tálákà fi dí i.

Iṣẹ́ tí olùṣèwádìí Monticello ṣe, iṣẹ́ òpìtàn ni. Kò mu nínú wáìnì náà, kò tilẹ̀ nílò láti fọwọ́ kan ìgò náà. Ìwé àtijọ́ ni ó ṣí, ó wá ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, kò rí i, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú ẹnikẹ́ni kò dùn sí i. Ahọ́n tó fún ẹni tí ń ra ògùrọ̀ òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ti ayé àtijọ́ wá, ìbáà ṣe ìgò, ìbáà ṣe oyè, ìbáà ṣe ilẹ̀, ìbéèrè kan náà ni yóò máa bá a: ọwọ́ ta ni ó ti wá, ta sì ni ẹlẹ́rìí?